Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n Fá Ara Wọn Sílẹ̀ De Iṣẹ́ Abẹ

Bàbá mi ni onígbàjámọ̀ tó wà ní ìkángun òpópónà wa, nínú ṣọ́ọ̀bù tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ti ń fá orí àti irùngbọ̀n níbẹ̀. Ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ló mọ orúkọ tí àwọn òbí wọn sọ wọ́n. Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, nítorí pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, ẹ̀jẹ̀ oníbàárà kan kò kán sílẹ̀ rí lórí àga wọn. Bí ẹlòmíràn bá ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀, yóò máa rẹ́rìn-ín sí i. Bàbá mi kì í rẹ́rìn-ín sí i. Wọ́n gbà pé òótọ́ ni.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́, kó bi wọ́n léèrè nípa ẹ̀rọ ìgẹrun. Nígbà tí gbogbo onígbàjámọ̀ àdúgbò ra ẹ̀rọ, tí àwọn oníbàárà ń sọ pé abẹ ti di nǹkan àtijọ́, bàbá mi ń pọ́n abẹ tiwọn lára awọ, wọ́n ní, “Ẹ̀rọ tó ń kùn bí eṣinṣin inú ìgò yẹn, ṣé irun ló ń gẹ̀ ni, àbí ó ń ráhùn?” Wọn kò rà á. Oṣù mẹ́ta gbáko ni ṣọ́ọ̀bù wọn fi dá páropáro. Wọn kò rà á síbẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn tó sá lọ bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá mi fá wọn láì bá wọn wí, ṣùgbọ́n wọ́n rí i dájú pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jókòó pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì kí ó tó kàn án.

Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, nǹkan kan wú ní ìsàlẹ̀ ikùn bàbá mi lápá ọ̀tún, níbi tí itan ti pàdé ikùn. Bí wọ́n bá dúró pẹ́, á yọ jáde bí ẹyin adìyẹ. Bí wọ́n bá dùbúlẹ̀, á wọlé padà. Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n wá aṣọ fífẹ̀ kan, wọ́n fi di ibẹ̀ pinpin lábẹ́ ṣòkòtò, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ìyá mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ, kò sì sí aṣọ tó lè purọ́ fún wọn. Àwọn ni wọ́n rí ọ̀já náà nínú agbọ̀n aṣọ ìdọ̀tí.

“Bàbá ọmọ mi, kí lẹ fi ń di ara yín bí ẹrù tó ń lọ ìrìn àjò?”

“Ẹ̀yìn ló ń dùn mí.”

“Ẹ̀yìn ló ń dùn yín, iwájú lẹ wá ń dì?”

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tú síta nìyẹn. Ìpá ni. Gbogbo wa la mọ bí àwọn ènìyàn ṣe ń fi onípá ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá mi, tí kò bẹ̀rù abẹ rárá, bẹ̀rù ẹ̀rín. Wọ́n ní kò sí ẹni tó máa fi àwọn rẹ́rìn-ín nínú ṣọ́ọ̀bù tí àwọn fi ọwọ́ ara àwọn kun ní ọ̀dà. Ìyá mi fi wọ́n sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ni ìyá mi ní bí wọn kò bá lọ sí ọsibítù, àwọn yóò sá ọ̀já náà sórí okùn níwájú ilé, kí gbogbo àdúgbò wá bi àwọn léèrè ohun tí wọ́n ń fi ṣe. Bàbá mi lọ.

Èmi ni mo sìn wọ́n lọ. Dókítà náà jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tó so awò ojú rẹ̀ mọ́ okùn sí ọrùn. Ó ní kí n kọjú sí ògiri, ó sì ní kí bàbá mi dìde dúró, kí wọ́n wúkọ́. Mo gbọ́ tí wọ́n wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, èkejì pẹ̀lú ìbínú.

“Ara ikùn yín ti rọ̀ níbì kan,” dókítà náà sọ. “Ṣé ẹ ti rí táyà kẹ̀kẹ́ tó ya rí, tí tíúbù inú rẹ̀ wá ń yọ orí síta? Ìfun yín ni tíúbù yẹn. A ó tì í padà sínú, a ó sì fi àwọ̀n kékeré kan lẹ ibi tó rọ̀.”

“Kò sí oògùn tí mo lè lò sí i?”

“Oògùn kì í rán aṣọ tó ya, bàbá. Ẹ má fòyà, ojoojúmọ́ la ń ṣe irú rẹ̀. Ìpá, apẹ́ńdíìsì, òkúta inú àpò òróòro, àwọn yẹn gan-an ni iṣẹ́ òòjọ́ wa.” Ó wá bọ́ awò ojú rẹ̀. “Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Bó bá yọ jáde lọ́jọ́ kan tí kò wọlé mọ́, tó le, tó ń dùn yín, tàbí tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni. Ìfun tó bá há síbẹ̀ lè kú láàárín wákàtí díẹ̀, ó sì lè mú ẹni tó ni ín lọ. Ẹ sáré wá.”

Ó mú ọjọ́ fún wa, ó sì fún wa ní ìwé kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú ni mo kà á fún bàbá mi nídìí tábìlì, nítorí pé lẹ́tà rẹ̀ kéré. Bàbá mi bá ìwé náà jà ní ìlà dé ìlà.

Ìwé ní kí wọ́n má jẹ oúnjẹ kankan láti ọ̀gànjọ́ òru tó ṣáájú. Omi lásán nìkan ni wọ́n lè mu, títí yóò fi ku wákàtí méjì kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀.

“Ṣé ebi ni wọ́n fẹ́ fi pa ìpá náà ni?”

Mo ṣàlàyé pé bí oúnjẹ bá wà nínú ikùn nígbà tí wọ́n bá fún ènìyàn ní oògùn akunnilóorun, ó lè gòkè wá sí ọ̀fun, kó gba ibẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n ní kí n máa kà á lọ. Ìwé ní kí wọ́n lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn láàárọ̀ ọjọ́ náà bí dókítà ṣe wí, pẹ̀lú omi díẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n dárúkọ gbogbo nǹkan mìíràn tí wọ́n ń lò, títí kan oògùn ẹ̀fọ́rí àti oògùn inú ìgò, nítorí pé àwọn kan wà nínú wọn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá. Bàbá mi jẹ́wọ́ ìgò kan tó wà lẹ́yìn díńgí ṣọ́ọ̀bù. Ìyá mi ní, “Ẹ̀n-hẹ́n.” Ìwé ní kí wọ́n fi ọṣẹ wẹ̀ dáadáa, kí wọ́n má pa ìpara, kí wọ́n yọ òrùka sílẹ̀ nílé. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kùn sí, gbogbo rẹ̀ náà ni wọ́n gbà. Ìgbà náà ni mo dé ìlà kan tí wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ: Ẹ MÁ ṢE FÁ IRUN IBI TÍ A Ó TI ṢIṢẸ́. ÀWA FÚNRA WA NI A Ó GẸ̀ Ẹ́.

“Tún un kà.”

Mo tún un kà.

“Àwọn tí kò mọ abẹ í dì mú ni wọ́n ń bá wí,” bàbá mi sọ. “Kí ọmọ ẹni kan wá máa gẹ irun mi? Èmi?”

“Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀ o,” ìyá mi wí láti ẹnu ọ̀nà.

“Tèmi ń gbẹ́ ẹ.”

Mo fẹ́ sọ pé ìwé náà kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè mi, mo sì gbé e mì. Títí di ìsinsìnyí, ó ń dùn mí pé mo gbé e mì.

Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ náà, mo gbé táwẹ́ẹ̀lì tí ìyá mi fọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn láti inú. Mo gbọ́ tí abẹ ń lọ tí ó ń bọ̀ lára awọ, fẹ́rẹ́, fẹ́rẹ́, bí ó ṣe máa ń dún bí ènìyàn pàtàkì bá fẹ́ jókòó sórí àga. N kò sì gbọ́ ohùn oníbàárà kankan nínú ilé. Mo gbé táwẹ́ẹ̀lì náà padà sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n so okùn orúkọ mọ́ bàbá mi lọ́wọ́, wọ́n sì wọ aṣọ tí ẹ̀yìn rẹ̀ là fún wọn. Nọ́ọ̀sì kan, ọ̀dọ́bìnrin tí ohùn rẹ̀ ń dún bí aago, fa kọ́tìnì yí ibùsùn wọn ká. Èmi jókòó sí ìta kọ́tìnì náà.

“Háà! Ta ló fá èyí?”

“Èmi ni,” bàbá mi dáhùn. “Ṣé ẹ rí bó ṣe ń dán?”

“Mo rí bó ṣe ń dán. Mo tún rí bó ṣe ń pọ́n. Bàbá, èyí kọ́ ni ojú abẹ? Èkejì tún nìyí.”

Lójú kan náà ni òye yé èmi àti bàbá mi. Wíwú ibẹ̀ kò jẹ́ kí awọ ara tẹ́jú, wọn kò sì lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa nínú díńgí. Lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ tí abẹ bàbá mi mú wá, ẹ̀jẹ̀ ara wọn ni.

Dókítà wá, ó wò ó, ó mi orí. “A ò lè ṣe é lónìí. Àwọ̀n ni mo fẹ́ fi sínú ara yín. Bí kòkòrò bá gba ojú abẹ yìí wọlé, orí àwọ̀n yẹn ni wọ́n máa kọ́lé sí. Ẹ padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà tí ara bá ti jinná.”

“Ṣebí ẹ̀yin náà máa gẹ̀ ẹ́ ni!”

“Ẹ̀rọ la fi ń gẹ̀ ẹ́. Kì í kan awọ ara bí abẹ.”

Ká ní wọ́n gbá bàbá mi ní ìgbájú ni, kì bá tí dùn wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Wọn kò sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Nígbà tí a délé, wọ́n sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ. “Ká ní mo jẹun ni, ǹ bá gbà. Ṣùgbọ́n abẹ! Wọ́n lé Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n nítorí abẹ! N ò lọ síbẹ̀ mọ́. Èmi àti ìpá mi la jọ máa gbé.” Wọ́n tún ọ̀já náà dì. Ìyá mi bẹ̀ wọ́n títí, ó sú wọn. Èmi ń ka ọjọ́ lọ́kàn, mo sì ń wo ojú wọn nígbàkígbà tí wọ́n bá dìde.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mo wà nínú ṣọ́ọ̀bù, mo ń ka ìwé mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹni tó wà lórí àga ni Dẹ́rẹ́bà, ọ̀rẹ́ bàbá mi, tó wa ọkọ̀ akẹ́rù títí ó fi fẹ̀yìn tì. Bàbá mi ti fá ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ tán. Ọṣẹ ṣì ń hó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Lójijì ni bàbá mi gbé abẹ sílẹ̀, wọ́n di etí àga mú, òógùn sì bò wọ́n níwájú orí. Wọ́n rìn lọ síbi bẹ́ǹṣì, wọ́n sì dùbúlẹ̀.

“Kí ló dé?” Dẹ́rẹ́bà bèèrè.

“Kò sí nǹkan kan.”

“Kò-sí-nǹkan-kan kì í sùn sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀sán gangan.”

Bàbá mi fi ọwọ́ tẹ ìsàlẹ̀ ikùn wọn. Mo rí i lójú wọn pé kò wọlé. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Kò wọlé.

“Ìpá ni,” wọ́n sọ níkẹyìn, wọ́n sì di ojú.

Dẹ́rẹ́bà bú sẹ́rìn-ín. Mi ò lè purọ́ fún yín, ó rẹ́rìn-ín títí ọṣẹ fi ń ta sí ara díńgí. “Ìpá! Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n! Ìwọ tó ń rìn bí ọ̀gá ológun!”

Èmi kì í sọ̀rọ̀ níwájú àgbà. Àwọn olùkọ́ mi pàápàá máa ń ní kí n gbé ohùn sókè. Ṣùgbọ́n mo bá ara mi lórí ìdúró, mo ń pariwo. “Dókítà ní bó bá ti há, kí wọ́n má dúró de ẹnikẹ́ni! Ó lè pa wọ́n! Ẹ gbé wọn lọ! Ẹ yé rẹ́rìn-ín, ẹ gbé wọn lọ!”

Ẹ̀rín náà gé bí ẹni fi abẹ gé e. Dẹ́rẹ́bà já aṣọ funfun kúrò lọ́rùn, ó fi èjìká gbé bàbá mi sínú ọkọ̀ rẹ̀ àtijọ́, ó sì wà á débi tí mo fi mọ̀ pé òótọ́ ni gbogbo ìtàn tí ó máa ń sọ fún wa nípa eré tí ó fi ọkọ̀ akẹ́rù sá.

Níbi tí wọ́n ti ń gba aláìsàn pàjáwìrì, ènìyàn kún inú gbọ̀ngàn náà. Akọ̀wé bèèrè láti ẹ̀yìn gíláàsì pé kí ló ṣe wọ́n. Bàbá mi wo àwọn ènìyàn náà lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Wọ́n na ẹ̀yìn wọn tó ti tẹ̀.

“Ìpá ni!” wọ́n sọ, ohùn wọn sì dé ògiri ẹ̀yìn. “Ó há! Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó tètè rín in, n ò láyè!”

“Ẹ ti gbọ́,” Dẹ́rẹ́bà wí lẹ́yìn wọn, pẹ̀lú ọṣẹ tó ti gbẹ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Wọ́n tẹ́ bàbá mi sórí ibùsùn, wọ́n gbé ẹsẹ̀ wọn ga ju orí lọ, wọ́n fún wọn ní abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora. Dókítà aláwò olókùn wá fi ọwọ́ tì í díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú sùúrù, títí ó fi wọlé. Ó ní orí kó wọn yọ, ó ní ká ní wọ́n pẹ́ sí i ni, ọ̀rọ̀ ìbá yàtọ̀. Ojú abẹ ti jinná. Ọ̀túnla ni yóò ṣe iṣẹ́ náà, bàbá mi kò sì ní kúrò níbẹ̀. Dẹ́rẹ́bà padà sílé, ó fá ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì fúnra rẹ̀, ó sì gé ara rẹ̀ ní ibi mẹ́ta.

Láàárọ̀ ọ̀túnla náà, nọ́ọ̀sì olóhùn aago dé pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgẹrun lọ́wọ́. Ìyá mi ti kúrò níbi iṣẹ́ wá, àwa méjèèjì sì wà ní ìta kọ́tìnì.

“Nǹkan yẹn ò ní kàn mí lára,” bàbá mi wí.

“Bí kò bá kàn yín, dókítà náà ò ní kàn yín,” nọ́ọ̀sì dáhùn. “Kí lẹ fẹ́ ká ṣe?”

Ìyá mi di ọwọ́ mi mú, wọ́n dì í le.

“Ara ta lẹ ti lò ó kẹ́yìn?” bàbá mi bèèrè.

“Kò sí. Ẹ wò ó, inú ọ̀rá ni ẹnu rẹ̀ ṣì wà. Ara ẹnì kan ṣoṣo la ti ń lò ó, a ó sì sọ ọ́ nù.”

Mo gbọ́ tí bàbá mi gba ọ̀rá náà, tí wọ́n sì ń yí i padà lọ́wọ́ wọn. Àwọn náà kì í fi abẹ kan náà fá ẹni méjì.

“Ó kéré tán, ẹ mọ ìyẹn,” wọ́n wí. “Ó yá. Ṣùgbọ́n mo máa wo ọwọ́ yín.”

Wọ́n wò ó lóòótọ́. “Fi ọwọ́ òsì fa awọ. Fà á. Má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ṣé ògiri lò ń ha ni?”

“Bàbá, bí ẹ bá tún sọ̀rọ̀ kan, ìdajì ni n ó gẹ̀ fi yín sílẹ̀, bíi bàbá ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ọlọ́ṣẹ tó gbé yín wá.”

Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín, nọ́ọ̀sì sì pariwo pé kí wọ́n má mira.

Dókítà wá fi bírò fa àmì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Bàbá mi bi í léèrè lẹ́ẹ̀mejì pé ẹ̀gbẹ́ wo ni, ó sì dáhùn lẹ́ẹ̀mejì láìbínú. Wọn kò fọwọ́ sí ìwé àṣẹ títí mo fi kà á fún wọn tán. Nígbà tí wọ́n ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn wá láti gbé wọn, bàbá mi ní ẹsẹ̀ kọ́ ló ń ṣe àwọn, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, tí ọwọ́ wọn kan di ẹ̀yìn aṣọ náà mú kó má là.

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún sí ẹ̀yìn wọn mú kí ìsàlẹ̀ ara wọn kú tipiri, ṣùgbọ́n ojú wọn là sílẹ̀ ní gbogbo àkókò náà. Nígbà tí wọ́n jáde, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ fún wa ni pé ọwọ́ dókítà náà kò gbọ̀n. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi ṣú, wọ́n ti ń rìn yí ibùsùn ká, wọ́n sì ń fi ọwọ́ ti ojú ọgbẹ́ bí wọ́n bá fẹ́ wúkọ́, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá a padà lọ kí dókítà lè wò ó. Ojú ọgbẹ́ náà gbẹ, ó sì mọ́.

“Ẹ rí i?” dókítà wí. “Nítorí pé kò sí ojú abẹ lára yín nígbà tí a ṣe é ni.”

“Nítorí pé ara mi dára ni,” bàbá mi dáhùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ti ṣọ́ọ̀bù. Wọn kò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nítorí náà Dẹ́rẹ́bà ló ń bá wọn pọn omi, ó sì ń ráhùn sí i láti ìdí ẹ̀rọ omi dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ní ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣí, bẹ́ǹṣì kún. Bíríkìlà ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà láàárín wọn tí kò fẹ́ jókòó. Ó fi ara ti ògiri, ó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò bí ẹni tó ń di nǹkan mú níbẹ̀. Bàbá mi wò ó nínú díńgí, wọ́n tún wò ó, wọ́n sì dá abẹ dúró lọ́rùn ẹni tí wọ́n ń fá.

“Ìwọ bíríkìlà. Ṣé ìpá ni?”

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo ilẹ̀.

“Má wo ilẹ̀, kò sí níbẹ̀. Mo ní, ṣé ìpá ni? Èmi náà ní in, wọ́n ti tún un ṣe, èmi ni mo dúró síwájú yín yìí. Ta ló fẹ́ rẹ́rìn-ín?” Wọ́n yíjú ká, abẹ sì wà lọ́wọ́ wọn. Kò sẹ́ni tó fẹ́. “Lọ́jọ́ Ajé, lọ bá dókítà obìnrin tó ń so awò mọ́ ọrùn. Bó bá mú ọjọ́ fún ọ, má jẹun láti ọ̀gànjọ́. Sọ gbogbo oògùn tí o ń lò fún un, má fi ọ̀kan pamọ́. Bi í ní ẹ̀gbẹ́ tó máa ṣe. Má sì fá ibẹ̀ o, jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ wọn gẹ̀ ẹ́.”

“Ṣùgbọ́n Bàbá,” bíríkìlà náà wí jẹ́jẹ́, “mo gbọ́ pé ẹ̀yin fá tiyín.”

Bàbá mi tẹ orí ẹni tó wà lórí àga sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ.

“Ìwọ kì í ṣe èmi,” wọ́n wí.